Ṣé àjèjì lè ta ọjà ní Gánà? Màmá mi ní wọ́n á tún lé wa

Aláàdìrẹ_Ìtòkú

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ má bínú pé ó máa gùn díẹ̀. Àdìrẹ ni mò ń tà, Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni mo ti ń rà á, nígbà míì mo máa ń gbé bátánì tèmi fún àwọn aláró kí wọ́n bá mi ṣe é. Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí ará Gánà ti pọ̀ jù nínú àwọn kọ́sítọ́mà mi, orí WhatsApp la ti ń nájà, màá wá fi ẹrù sínú bọ́ọ̀sì tó ń gba Sẹ̀mẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Accra wá ní kí n kúkú wá gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Makola, kí n yéé dààmú ara mi. Inú mi dùn, mo ti ń ṣírò owó lórí ibùsùn.

Ìgbà tí mo sọ fún màmá mi, ṣe ni wọ́n gbé ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀. Kumasi ni wọ́n bí màmá mi sí. Ìyá wọn, ìyẹn ìyá àgbà mi, ọmọ Ìgbẹ́tì ni wọ́n, wọ̀sìwọ́sì ni wọ́n ń tà níbẹ̀ títí wọ́n fi lé wọn lọ́dún 1969. Màmá mi ò sọ ju gbólóhùn kan lọ, wọ́n ní "wọ́n á tún lé yín", wọn ò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé. Ṣé lóòótọ́ ni òfin wà tó ní àjèjì ò gbọdọ̀ ta ọjà lórí ìsọ̀ níbẹ̀? Ṣebí ECOWAS ní ká máa lọ ká máa bọ̀, àbí kí ni wọ́n wá ń pè ní ECOWAS gan-an? Àti àwọn ọmọ wa tí mo máa ń rí ní Circle l'Accra tí wọ́n ń ta fóònù ńkọ́, báwo ni tiwọn ṣe jẹ́? Ẹni tó wà níbẹ̀ ni kó dákun dá mi lóhùn o, kì í ṣe ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ọ 🙏🏾

---

Bọ̀dá_Accra

Àbúrò, láti 2011 ni mo ti wà l'Accra, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Òfin wà, kì í ṣe àhesọ. Ọdún 2013 ni wọ́n ṣe é, Act 865 lorúkọ ẹ̀, GIPC, àjọ ìjọba Gánà tó ń rí sí ìdókòwò, ni àwọn tó ń mójú tó o. Títa ọjà nínú ọjà, kíkiri ọjà, àti títa nǹkan lórí ìsọ̀ níbikíbi tó bá wà, ọmọ Gánà nìkan ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún. Kò parí síbẹ̀ o, ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ti onígbàjámọ̀, takisí tí ọkọ̀ ẹ̀ ò bá tó 25, pió wọ́tà, títẹ káàdì ìpè, ṣíṣe ìwé tí àwọn ọmọ iléèwé ń kọ nǹkan sí, kẹ́míìsì, lọ́tìrì, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kó pa mọ́ fún ọmọ onílùú.

Tó o bá wá ní ìwọ ò fẹ́ ìsọ̀, kámpìnnì lo fẹ́ dá sílẹ̀ tí wàá máa kó ọjà wọlé wá tà, òfin yẹn ní kó o gbé mílíọ̀nù 1 dọ́là sílẹ̀, kó o sì gba ọmọ Gánà 20 tó mọṣẹ́ síṣẹ́. Òfin 1994 tó wà tẹ́lẹ̀, 300,000 dọ́là àti èèyàn 10 ni. Ìwọ tó o fẹ́ gbé báàgì àdìrẹ méjì sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, níbo lo ti fẹ́ rí mílíọ̀nù dọ́là 😂

Ti ECOWAS tó o sọ, àdéhùn 1979 ló fún wa ní 90 ọjọ́ láìgba físà. Lẹ́yìn ìyẹn, pámíìtì àti káàdì àjèjì. Òótọ́ ni pé wọ́n tún fọwọ́ sí òmíì lọ́dún 1990 tó ní ọmọ ECOWAS lè dá òwò sílẹ̀ nílùú ara wọn, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjà wà, àwa ń na ìwé 1990 sókè, àwọn ń na ìwé 2013 sókè, àwọn ni wọ́n ni ilé ẹjọ́ 🤷🏾‍♂️

Àwọn tó ń tà ní Circle ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn, orúkọ ọmọ Gánà ló wà lórí ìwé. Ìyàwó ẹni, ọ̀rẹ́ ẹni, onílé ẹni pàápàá. Ó máa ń lọ dáadáa títí tí kò fi ní lọ dáadáa mọ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá jà, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù, ìwọ lo ni igbe.

Èmi náà ti fojú winá ẹ̀. Mo jí lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá àgádágodo méjì lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, ọ̀kan jẹ́ tèmi, èkejì mi ò mọ ẹni tó ni ín. Ọjà wà nínú ilé, èmi wà níta, owó ilé sì ń kà. Kì í ṣe èmi nìkan, ọ̀rọ̀ ọ̀hún le débi pé lọ́dún 2020 Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà tó jẹ́ Spíkà nígbà yẹn wá bá àwọn aṣòfin ibí ṣèpàdé lórí ẹ̀. Lóṣù July 2025 náà àwọn kan tún ṣe ìwọ́de l'Accra pé kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, lójoojúmọ́ ayé, wọn ò yọ mí lẹ́nu. Aládùúgbò mi tó jẹ́ Ga ló bá mi gbé ọmọ mi lọ sọ́sípítù lóru. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ kò ju kí sídì, owó Gánà, ṣubú, tó bá ti ṣubú báyìí, wọ́n á rántí pé àlejò ni wá.

---

Àgbà_Ìgbẹ́tì

Ọmọ mi, ìyá rẹ ò purọ́ fún ẹ. Orúkọ ìlú wa tí mo rí ló jẹ́ kí n dúró, mi ò kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù yìí, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Tamale ni wọ́n bí èmi sí. Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí ìkéde yẹn jáde, November 18, 1969. Busia tó jẹ́ olórí ìjọba Gánà ò tíì pé oṣù méjì lórí oyè. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa, àjèjì tí kò bá ní pámíìtì, kó lọ gbà á tàbí kó kúrò nílùú. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tẹ́ ò fi gbà á tẹ́lẹ̀? Ẹ gbọ́, ìgbà tí bàbá mi wọ ibẹ̀, Gold Coast ni, òyìnbó kan náà ló ń jọba l'Accra tó ń jọba l'Ékòó, ta ló ń béèrè pámíìtì lọ́wọ́ ta? Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀, tí mo ń sọ Dagbani ju Yorùbá lọ, ibo ni wọ́n ní kí n padà sí? Mi ò tíì rí Ìgbẹ́tì rí láyé mi.

Gbogbo ìlú apá ọ̀dọ̀ wa ló wà níbẹ̀ o. Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Ṣakí, Ògbómọ̀ṣọ́, Òfà, Ìlọrin. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé ẹnì kan á kọ́kọ́ lọ, á gbé igbá ọjà lé orí, abẹ́rẹ́, òwú, díńgí, ìlẹ̀kẹ̀, ọṣẹ. Tọ́wọ́ bá ti ba díẹ̀ báyìí á ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n fi àbúrò òun ránṣẹ́ sóun. Àbúrò á sìn ín ní ọdún bíi mélòó kan, òun náà á gba òmìnira, wọ́n á kó ọjà fún un lórí àwìn, á lọ dúró lábúlé tó tẹ̀ lé e. Ẹ ṣírò ẹ̀, láàárín ogún ọdún ẹbí kan á ti gba ojú ọ̀nà kan tán. Èésú la fi ń gbé ara wa dìde, ọ̀pọ̀ èèyàn ní látara èésú wa yẹn ni wọ́n ti mú susu tí wọ́n ń dá níbẹ̀ dòní. Ọṣẹ dúdú pàápàá, alata samina ni wọ́n ń pè é, Alata sì ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwa.

Ohun tó jẹ́ ká lówó yẹn náà ló jẹ́ kójú wọn ṣú sí wa. Ìwọ fojú ara ẹ wò ó, o jẹ́ ọmọ onílẹ̀, o dé ọjà ìlú ẹ, obìnrin tó ń tà ní iwájú Alata ni, tó wà lẹ́yìn ẹ̀ Alata ni, àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, wọn ò sì lè gba ọmọ tìẹ síṣẹ́ torí àbúrò wọn ń bọ̀ láti ilé. Ká sọ òótọ́, a ò fi àyè sílẹ̀. Nígbà tí nǹkan wá le tí iṣẹ́ ò sí, tí ìjọba ń wá ẹni tí wọ́n máa di ẹrù ẹ̀bi lé lórí, orí wa ló tẹ́jú jù.

Ẹ má jẹ́ kí n gùn ún. Ọjà tí bàbá mi rà lówó gọbọi, wọ́n tà á ní owó pọ́ọ́kú, àwọn tó ń rà á mọ̀ pé tí wọn ò bá rà á lónìí, lọ́la á di tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ọkọ̀ fò sókè. Ṣe la há ara wa sórí ọkọ̀ akẹ́rù, Aflao, Lomé, Dahomey, ogun Biafra ò tíì parí nílé nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó dun bàbá mi jù kì í ṣe ọjà, àwìn ni. Òwò wa, àwìn ló gbé e ró. Bẹ́ ẹ ṣe gbọ́ ti àwọn Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló tí wọ́n máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí á fi san án, báyìí náà ni tiwa, ìgbà ìkórè lèèyàn ń san owó. Ta lo fẹ́ lóṣòó tì nígbà tí wọ́n fún ẹ lọ́sẹ̀ méjì? Àwọn míì san o, Ọlọ́run bù kún wọn, ọkùnrin Dagomba kan gun kẹ̀kẹ́ wá láti abúlé láti wá san gbèsè tó jẹ wá, ó sunkún pẹ̀lú bàbá mi. Àwọn tó pọ̀ jù, wọ́n ń wò wá bá a ṣe ń di ẹrù.

Ilé méjì ni bàbá mi kọ́ sí Tamale, kò ní yàrá kan ní Ìgbẹ́tì. Àwọn tí a ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń kọ́lé fún aláǹgbá gbé nílé, ọ̀dọ̀ wọn la wá wọ̀ sí. Ìgbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ iléèwé ní Ìgbẹ́tì, torí pé Yorùbá mi ò já gaara, "Gánà" làwọn ọmọ kíláàsì ń pè mí. Mo jẹ́ Alata ní Gánà, mo dé ilé bàbá mi mo di Gánà. Orúkọ yẹn ṣì wà lára mi dòní.

---

TèmiYéMi

Àwọn ará Gánà yẹn ò moore jàre. Wọ́n kàn ń gbẹ̀san 1983 ni. Àwa náà ká ti gbogbo bọ́dà pa

---

Ìyàwó_Kofi

@TèmiYéMi ẹ̀san wo? Ṣe bí 1969 ló ṣáájú 1983, àbí ẹ̀yìn lẹ ti ń kàwé ni 😒 Tó bá jẹ́ ẹ̀san, àwa la gbà á. January 1983, lábẹ́ Shagari, ìjọba wa ní kí àjèjì tí kò ní ìwé kó ẹrù ẹ̀ láàárín ọjọ́ 14. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ Gánà tó lọ. Owó epo ló ti wálẹ̀ nígbà yẹn, nǹkan le bó ṣe le lọ́dọ̀ tiwọn ní 1969. Báàgì alárànbarà tí gbogbo wa ń kó aṣọ sí, Ghana Must Go yẹn, ibẹ̀ ló ti rí orúkọ ẹ̀, a ò tiẹ̀ ronú sí i mọ́ tá a bá ń pè é.

Ẹ gbọ́ ti ọ̀dọ̀ wọn náà ẹ jọ̀ọ́, torí Yorùbá ni mí, ọmọ Gánà lọkọ mi, mo ń gbọ́ ẹjọ́ lọ́tùn-ún lósì. Ìyá ọkọ mi ń ta aṣọ ní Makola láti ọjọ́ tí wọn ò tíì bí ọkọ mi. Wọn ò kórìíra èmi, èmi ni wọ́n máa ń pè pé kí n wá ro ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ fáwọn. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wọn, ẹ máa gbọ́ nǹkan. L'Accra onílé ò gba owó oṣù, owó ọdún méjì ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ Nàìjíríà kan á dé, á ní òun á san ti ọdún márùn-ún, kí wọ́n lé ẹni tó wà níbẹ̀ jáde. Kì í ṣe pé ó jalè o, owó ẹ̀ ni, onílé ló tún burú jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n lé jáde yẹn, ojú onílé kọ́ ló máa rántí, ojú àlejò tó gba ipò ẹ̀ ló máa rántí.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò kì í gbọ́ kẹ́nikẹ́ni sọ. Wọ́n lé àwọn Alata lọ ní 1969, ó yẹ kí ọjà wá rọjú, àbí? Kò rọjú. Ọjà tún wọ́n sí i ni. Ta ló wá kù tí wọ́n máa dá lẹ́bi? Àwọn ìyá Makola fúnra wọn, ọmọ Gánà pọ́ńbélé. Wọ́n ní àwọn ni wọ́n ń kó ọjà pa mọ́. August 1979, ìjọba ológun Rawlings kó sójà wá, wọ́n wó ọjà Makola mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bọ́ǹbù àti katapílà. Ìyá ọkọ mi sáré jáde pẹ̀lú ìdì aṣọ kan ṣoṣo. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan tá a jọ ń ṣa ẹ̀fọ́, pé nígbà tí wọ́n ń lé àwọn Alata lọ àwọn rà nínú ọjà wọn ní owó pọ́ọ́kú, inú àwọn sì dùn, àṣé àwọn ló kàn. Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń ṣa ẹ̀fọ́ wọn lọ.

---

Ọmọ_Gbági

Èyí tí ìyá wa kọ yìí wọ̀ mí lára. Ẹ jẹ́ n fi ti Ìbàdàn kún un.

Ọ̀dọ̀ wa níbí, àwọn Lébánóònì ni Alata tiwa. Kọ́rà là ń pè wọ́n, wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ni wọ́n ń kiri nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé. Wọ́n pọ̀ ní Gbági àtijọ́ débi pé títí dòní a ní Lebanon Street ní Dùgbẹ̀. Wọ́n gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa ìsinsìnyí lọ, wọ́n ń jẹ àmàlà, wọ́n ń ṣépè 😂

Lọ́dún 1972 ìjọba Gowon ṣe òfin pé àwọn òwò kan wà tó jẹ́ pé ọmọ Nàìjíríà nìkan ló gbọdọ̀ ṣe é, wọ́n fún wọn di April 1974 kí wọ́n ti tà á. Ẹ wá gbọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀: búrẹ́dì ṣíṣe, lọ́ńdìrì, irun dídì, ọjà títà lẹ́yọ lẹ́yọ... Ẹ fi wé ti Gánà tí Bọ̀dá_Accra kà sílẹ̀ lókè yẹn. Onídìrí o, ọlọ́jà kéékèèké o. Bíi pé wọ́n da ìwé kan náà kọ!

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa: bàbá mi ń bá Kọ́rà kan ṣiṣẹ́, akọ̀wé ẹ̀ ni. Nígbà tí òfin dé, ọ̀gá pè é, ó ní Làmídì, láti òní lọ ìwọ lo ni ṣọ́ọ̀bù yìí. Wọ́n kọ orúkọ bàbá mi gàdàgbà sórí pátákó. Àwa ọmọ ń ṣe fáàrí kiri àdúgbò pé bàbá wa ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Gbági. Àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í wá tọrọ owó. Bàbá mi ò sì lè sọ fún wọn pé owó oṣù ni òun ṣì ń gbà. Àárín òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bà jẹ́ lórí ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ní ó ń háwọ́. Kọ́rà yẹn kó owó ẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ lọ dá ilé iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ l'Ékòó, èyí tí òfin gbà á láyè, lọ́jọ́ kan ṣọ́ọ̀bù kàn ṣófo. Bàbá mi wá ku òun àti pátákó.

Nítorí náà àbúrò, tó o bá fẹ́ lo orúkọ ọ̀rẹ́ ẹ l'Accra, má ronú nípa ara ẹ nìkan. Ro ti ọ̀rẹ́ ẹ náà. Àwọn ará ilé ẹ̀ á máa rò pé ó lówó.

---

TèmiYéMi

Ok mo ti gbọ́, ẹ má pa mí 🙏🏾 mi ò mọ ti 1969 tẹ́lẹ̀

---

Anago_Abidjan

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọmọ Èjìgbò ni mí, Abidjan ni mo wà. Ṣé ẹ mọ̀ pé bọ́ọ̀sì ń ti Èjìgbò bọ̀ tààrà sí Abidjan, ẹ̀yin ará Gánà kàn jẹ́ ibi tá a ti ń sọ̀ kalẹ̀ tọ̀ ni 😄 Anago ni wọ́n ń pè wá níbí.

Tiwa ò dùn bẹ́ẹ̀ náà o. Láti 1990 ni wọ́n ti gbé carte de séjour dé, ìyẹn káàdì àjèjì, tó o bá jáde láìmú un dání, ọlọ́pàá á ti rí owó ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti ààrẹ Bédié dé, ivoirité, wọ́n ń béèrè pé ta ni ọmọ ìlú gidi, ìdílé tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà bàbá ńlá wọn wá ń wá ìwé kiri. 2007 ni wọ́n tó yọ káàdì yẹn kúrò lọ́rùn àwa ọmọ ECOWAS.

Ohun tí àwọn bàbá wa ṣe tí mo rò pé ó gbè wá ni pé wọ́n gbọ́ ti Gánà kíá. Àwọn tí wọ́n lé ní 1969, àwọn kan nínú wọn ò dúró sílé, Abidjan ni wọ́n gbà lọ, wọ́n wá sọ fáwọn tó wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí àwọn ilé ràbàtà l'Éjìgbò tẹ́nikẹ́ni ò gbé. Àwọn èèyàn ń pè é ní fáàrí. Ẹ̀rù ni, àbúrò. Ẹ̀rù ló kọ́ àwọn ilé yẹn.

---

Aláàdìrẹ_Ìtòkú

Ah. Mi ò mọ̀ pé báyìí lọ̀rọ̀ máa pọ̀ tó. Bọ̀dá_Accra ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè kan ló kù, ṣé kò wá sí ọ̀nà kankan ni? Tí mo bá ń ṣe àdìrẹ yẹn níbẹ̀ gan-an ńkọ́, ká sọ pé mo kó aláró méjì wá?

---

Bọ̀dá_Accra

Ìyẹn gan-an lọ́nà tó ní orí tó ní ìdí. Òfin 2013 yẹn, ẹni tó bá dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan jáde sílẹ̀, tàbí tó ń kó ọjà Gánà lọ tà sílẹ̀ òkèèrè, ọ̀rọ̀ owó rẹpẹtẹ yẹn ò kan án. Rírà-títà ni wọ́n dojú kọ. Ṣùgbọ́n o ṣì máa forúkọ sílẹ̀, o máa gba pámíìtì, o máa san owó orí, o ò sì gbọdọ̀ tún wá gbé ìsọ̀ sínú ọjà láti máa tà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Wá lọ́yà o, kì í ṣe ẹ́jẹ́ńtì tó jókòó sábẹ́ agboòrùn níwájú ọ́fíìsì, torí wọ́n lè yí òfin padà nígbàkigbà, mi ò fẹ́ kó o fi ọ̀rọ̀ mi gbéra.

Bó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, màá fi aláró sílẹ̀ ní Ìtòkú. Àwọn ará ibí náà mọ báńtíkì ṣe dáadáa, ohun tí wọn ò ní ni bátánì ẹlẹ́kọ yẹn, ìbàdàndùn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Máa ta ọ̀pọ̀ fún ọmọ Gánà tó ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀, kó gba owó ẹ̀ lórí ọjà, kí o gba tìẹ ní Sẹ̀mẹ̀. Èrè ẹ á kéré. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa wá àgádágodo kọ́ ẹ lẹ́nu ọ̀nà.

---

Aláàdìrẹ_Ìtòkú

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti pinnu, mi ò gba ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rẹ́ mi tó kọ́kọ́ ní kí n wá ní òun mọ obìnrin kan ní Makola tó máa máa kó 50 bọ́ńdù lẹ́ẹ̀kan, owó lọ́wọ́ ọjà lọ́wọ́.

Mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ sétí màmá mi lálẹ́ àná. Wọ́n ń fọ àwo, wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo dé ibi tí bàbá wa ará Ìgbẹ́tì ti sọ̀rọ̀ àwìn ni wọ́n ní kí n dúró, kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n wá jókòó.

Wọ́n ní ìyá àgbà ò mọ̀wé. Ara ògiri yàrá wọn ní Kumasi ni wọ́n ń fi èédú fa ìlà àwìn sí, oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tiẹ̀, tẹ́nì kan bá san wọ́n á fi àkísà tútù nu ìlà ẹ̀ kúrò. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, ọkọ̀ ti ń fọn fèrè níta, bàbá àgbà ń pariwo, ìyá àgbà sì wà nínú yàrá tí wọ́n kọjú sí ògiri tẹ́nu wọn ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Ọmọ ọdún 8 ni màmá mi, wọ́n rò pé àdúrà ni. Àṣé ṣe ni wọ́n ń há a sórí.

Wọ́n sì há a tán lóòótọ́. Èmi fúnra mi gbọ́ ọ nígbà tí mo wà ní kékeré tá a bá lọ sí Ìgbẹ́tì lọ́dún iléyá, mi ò kàn mọ ohun tó jẹ́ ni, àwa ọmọ máa ń rò pé orin ni. Wọn ò mọ orúkọ mi mọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n á máa kà á níwọ̀nba ohùn: Akosua, aṣọ méjì. Ìyá Yaw, abọ́ mẹ́ta. Afia ẹlẹ́ja, ọṣẹ, ọṣẹ, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí.

Màmá mi ní tí mo bá ń gbé ẹrù àkọ́kọ́ lọ, àwọn fẹ́ bá mi lọ, ká dé Kumasi. Mo ní màmi, kí lẹ fẹ́ lọ wò níbẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí? Wọ́n ní ògiri.